Bí Mo Ṣe Lu Agogo Kérésìmesì Ní Àjà Kẹsàn-án Ní Toronto

Ẹ̀yin ará Ìkirè, lọ́jọ́ tí mo gúnlẹ̀ sí Toronto, yìnyín ń já bọ́ láti ojú ọ̀run bí ìyẹ́ adìẹ ọdún. Mo gbójú sókè, mo ní kó dúró. Ó dúró. Ó so rọ̀ sí agbedeméjì, kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀, títí mo fi rìn kọjá lábẹ́ rẹ̀ wọnú mọ́tò. Ìgbà tí mo ti jókòó dáadáa ni mo tó ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ ṣí fìlà fún mi. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi yìnyín.

Ṣé ẹ kúkú mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Alágogo, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá títì kí ọ̀kadà tó lé kẹ̀kẹ́ wọgbó. Ìwé kẹrin ni mo kà dé, bàbá mi ní ìyẹn ti pọ̀ jù fún ẹni tí yóò máa lẹ táyà. Ṣùgbọ́n bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, kí àkùkọ tó kọ, èmi ni mo máa ń wà ní títì yín pẹ̀lú agogo, tí mò ń ké pé a ti bí Olùgbàlà. Ẹ máa ń bú mi láti orí ẹní. Mo ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń bú mi náà, ẹ ó ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀ kí ẹ tó rin pákò. Láti ìgbà tí mo ti di ọmọ ìjọ, Kérésì kan kò kọjá rí kí n má lu agogo yẹn. Ọ̀rọ̀ agogo náà ló gbé mi dé ibi tí ẹ̀rù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ẹnu ibodè

Ẹ̀rù ti ń bà mí kí n tó kúrò nílé. Ẹnìkan tó lọ rí ti sọ fún mi pé àṣìṣe kékeré lásán, wọ́n á ti dá ènìyàn padà. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin aṣọ́bodè kan ní kí n ṣí báàgì mi, oókan àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán. Dòdò Ìkirè ló kọ́kọ́ fà yọ. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yínmú, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan ohun tí mo fi bùbá wé. Agogo mi ni. Ó wo òkè rẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo kó ti ilé wá sá lọ. Orúkọ Jésù nìkan ló kù lẹ́nu mi, òun náà ni mo sì dá. Obìnrin náà mi agogo lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín, ó wé e padà, ó dá dòdò mi padà fún mi, ó ní kí n káàbọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò ó nínú ara mi pé ìlú tí aṣọ́bodè rẹ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu agogo, irú mi ni ìlú náà ń retí.

Fúnkẹ́ ọmọ mi ló wá pàdé mi. Ẹ rántí Fúnkẹ́, òun ló ń darí àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó kúnlẹ̀. Ká má parọ́, ìdajì ló kúnlẹ̀, orúnkún kò kanlẹ̀, ó sì ń wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan. Mo súre fún un, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà níbẹ̀, ohùn mi ń lọ sókè. Ó rọra di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n jẹ́ ká parí rẹ̀ nínú mọ́tò. Ọmọ tí ohùn àdúrà rẹ̀ máa ń já páànù òrùlé. Mo fa báàgì mi, mo tẹ̀lé e.

Ilé tí wọ́n ń fi eyín kíni

Etobicoke, lápá kan Toronto, ni Fúnkẹ́ ń gbé, nínú ilé gíga kan tó jẹ́ pé láti fèrèsé rẹ̀, ẹ̀yìn ẹyẹ lẹ ó máa rí. Àjà kẹsàn-án ni tiwa. Lífútù ló ń gbé wa lọ síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbàdúrà kó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Gbogbo ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ á kọjú sí ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Mo kí wọn ní Yorùbá, mo kí wọn ní gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á fi eyín hàn mí, eyín á tún padà wọlé, ó parí. Kò sí ẹni tó béèrè bí mo ṣe sùn, kò sí ẹni tó béèrè ará ilé mi. Wọn ò yájú o. Wọ́n ń di ilẹ̀kùn mú fún mi, wọ́n ń yẹra kí n kọjá. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa yẹra fún ọ lójoojúmọ́, ó ní bí ó ṣe ń ṣe àgbàlagbà.

Ilẹ̀kùn tó dojú kọ tiwa, obìnrin òyìnbó arúgbó kan ló ń gbé ibẹ̀, òun àti ajá rẹ̀. Màmá Alájá ni mo sọ ọ́. Ẹsẹ̀ kan ń dùn ún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ajá náà kò tó òkété, ó sì wọ kóòtù. Èmi náà wọ kóòtù. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ajá náà kí mi, ó bi mí pé ṣé òtútù Ìkirè tún tó báyìí. Ìyá tó ni ín kò sọ nǹkan kan ní tirẹ̀.

Fúnkẹ́ ló wá là mí lóye nípa ìyá yìí. Nígbà kan tí Fúnkẹ́ ń fi ẹja gbígbẹ se ọbẹ̀, ìyá náà fi òórùn rẹ̀ sùn ọkùnrin tó ń bójú tó ilé, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní súpà. Súpà sọ fún onílé. Onílé sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí ẹjọ́ mìíràn bá tún dé etí òun, ẹlòmíràn lòun máa gbé ilé náà fún tí ọdún bá yípo. Délé, ọkọ Fúnkẹ́, ṣì wà ní Ìbàdàn, ó ń retí físà. Ilé yìí ló máa wá bá. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó rí ilé, ó ti sùn ní pálọ̀ àwọn ẹlòmíràn títí tí ìtìjú fi tán lójú rẹ̀. Nítorí náà, bó bá fẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ìka ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Bó bá fẹ́ kọrin, ó máa ń ṣí omi ẹ̀rọ kí ó lè bo ohùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ẹsẹ̀ rìn. Mo ń bẹ̀rù bí mo bá fẹ́ wúkọ́.

Ọjọ́ ìbí tí wọn ò dárúkọ ọmọ

Iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ni Fúnkẹ́ ń ṣe ní Bolton, lẹ́bàá Toronto. Wọ́n ṣe àríyá òpin ọdún níbẹ̀, ó sì gbé tòlótòló wá fún mi nínú abọ́. Ẹ̀yin ará, ẹran náà tóbi, ó funfun, ó sì jẹ́ onísùúrù: kò ta, kò dùn, kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Mo wá ata rodo títí. Wọ́n tún fi ohun pupa kan tó ń dùn bí oyin lé e lórí. Mo jẹ ẹ́ nítorí ọmọ mi.

Bí mo ṣe ń jẹun ni mo bi í pé kí ni wọ́n kí ara wọn níbi àríyá. Ó ní ẹ kú ìsinmi ni wọ́n ń kí ara wọn. Mo ní ìsinmi kí ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Iná aláràbarà ló wà ní gbogbo ìlú, igi tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wà nísàlẹ̀ ilé wa, orin ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń ṣe, wọn kò sì dárúkọ ọmọ. Mo ní ṣé ìjọba ló ní kí wọ́n má dárúkọ Rẹ̀ ni.

“Kò sí ẹni tó ní ká má ṣe é, Bàbá,” ni Fúnkẹ́ wí. “Àwa la kàn ń bẹ̀rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ níta. Ká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ká bọ̀, ká dákẹ́.”

Mo dá a lóhùn pé mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù méjì ló ń bá mi jí. Ẹ̀rù kìíní, kí n má gba ilé lọ́wọ́ ọmọ mi. Ẹ̀rù kejì, kí Kérésì má kọjá kí n má ti sọ fún ènìyàn kan pé a bí Jésù, kí n wá dé ọ̀run kí wọ́n ní Bàbá Alágogo, ibo lo gbé agogo sí. Àwọn ẹ̀rù méjèèjì ń ja ìjàkadì nínú mi.

Mo lù ú

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àìsùn Kérésì ló ṣẹlẹ̀. Fúnkẹ́ ti lọ síbi iṣẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló máa ń fi mọ́tò gbé e. Ó ku èmi nìkan. Mo ní kí n kàn tú agogo wò. Mo tú u. Mo ní kí n kàn gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbé e débẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ mọ̀ pé kò lè padà mọ́.

Lójú tèmi, oore ni mo ṣe fún wọn. Nílé, kí àkùkọ tó kọ ni mo ń jáde. Níbẹ̀, mo dúró títí mo fi ń gbóòórùn kọfí láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo dúró sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo lu agogo.

Agogo tí ẹ ń gbọ́ ní títì Ìkirè, afẹ́fẹ́ ti bá yín pín in kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé, ohùn náà ń gbá ògiri, ó ń padà wá gbá mi lójú. Mo ké ní Yorùbá pé a bí Ọba, mo sì fi ìwọ̀nba gẹ̀ẹ́sì mi ké pé kí wọ́n jí, kí wọ́n jáde.

Wọ́n jáde. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wàásù nílé, ènìyàn kan kò jáde rí, àyàfi ẹni tó fẹ́ ju bàtà lù mí. Níbí, gbogbo ilẹ̀kùn ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n jáde pẹ̀lú kóòtù lórí aṣọ àwọ̀sùn, ọ̀kan gbé ológbò, ọ̀kan gbé kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí ibi àtẹ̀gùn, wọn kò sáré, wọn kò pariwo. Ara mi bù máṣọ. Mo ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ti dé. Mo tẹ̀lé wọn, mò ń lù ú bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àjà tó wà nísàlẹ̀ náà ń ṣí, tí wọ́n ń dà bọ̀. Mo ti ń ronú ibi tí a ó ti rí omi ìrìbọmi nínú òtútù yẹn.

Nígbà tí a dé ìta, mo gun orí òkè yìnyín kékeré kan kí n lè bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó wò mí. Ilé ni gbogbo wọn ń wò, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wá nǹkan kan. Ọkùnrin ará Sòmálíà kan tó ń gbé àjà tiwa ló wá bá mi, ó rọra gba apá mi mú.

“Uncle,” ló wí, “níbí, bí agogo bá dún, iná ló ń jó. Èéfín ni wọ́n ń wá.” Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó fẹ́ tù mí nínú, ó ní nílé tàwọn náà, wọ́n máa ń jí ènìyàn láfẹ̀mọ́júmọ́ fún àdúrà, kò sì sí ẹni tó ń bínú.

Mo sọ̀kalẹ̀ lórí òkè yìnyín. Ìgbà yẹn ni mo rí Màmá Alájá. Òun ló jáde kẹ́yìn. Ó ti fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sọ̀kalẹ̀ gba gbogbo àtẹ̀gùn yẹn, ó fi ajá há abíyá, sìlípáàsì wà lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì wà lórí yìnyín lásán. Ó wo agogo tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí òyìnbó bú yín, ẹ má jẹ́ kó wò yín báyẹn.

Ìjókòó ẹlẹ́bi

Súpà wá kanlẹ̀kùn lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti wọlé. Ọkùnrin kúkurú ni, kọ́kọ́rọ́ pọ̀ níbàdí rẹ̀ bí ti ọlọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Kò jágbe mọ́ mi, ìyẹn ló wá dẹ́rù bà mí jù. Ó pe Fúnkẹ́ lórí fóònù níwájú mi. Ohun tó sọ ni pé àwọn tó kù ti ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Màmá Alájá ti wú. Lọ́jọ́ kejì, òun gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún onílé, ohun tí ìyá náà bá sì ní kí òun sọ ni òun máa sọ.

Mo jókòó. Gbogbo ohun tó bá dún lọ́dẹ̀dẹ̀, onílé ni. Lífútù dún, onílé ni. Ajá gbó, ó ń jẹ́rìí takò mí. Mo ti kó aṣọ mi sínú báàgì tán kí Fúnkẹ́ tó dé.

Ó tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, ó padà wálé lọ́sàn-án. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Mo ní kí ó fi mí sínú ọkọ̀ òfurufú lọ́la, kí n máa lọ. Ó bi mí pé bí mo bá lọ, ṣé ilé náà á tún padà wá ni. Ó ní kí lòun fẹ́ sọ fún Délé.

Nígbà tó yá ni mo dìde, mo dé fìlà, mo bu dòdò Ìkirè tó kù sínú àwo tó dára jù nílé náà. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ṣẹ ènìyàn kì í jókòó retí ìdájọ́, á dìde lọ bẹ̀ ẹ́. Fúnkẹ́ ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, ẹnìkan kì í kan ilẹ̀kùn ẹnìkan láìjẹ́ pé wọ́n ti jọ fàdéhùn sí i. Mo ní ẹsẹ̀ tí mo ba jẹ́ náà, a ò jọ fàdéhùn sí i. Ó tẹ̀lé mi. Ó ń bẹ̀rù ohun tí mo tún fẹ́ lọ ṣe ni.

Lẹ́nu ọ̀nà Màmá Alájá

Mo kanlẹ̀kùn. Ó ṣí i díẹ̀, ajá yọ imú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà kanlẹ̀. Bí mo ṣe dìde, gẹ̀ẹ́sì bà lé mi, irú èyí tí ọba wọn pàápàá kò lè sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà Édẹ́nì, mi ò mí títí mo fi dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Nígbà tí mo dé ibùjẹ ẹran, Màmá Alájá ń sunkún. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn olùṣọ́-àgùntàn, ajá ń sunkún. Súpà tó ń kọjá lọ da kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésì, gbogbo àjà kẹsàn-án tò tẹ̀lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà sì dìde fún mi lórí àga rẹ̀.

Bó ṣe rí

Ibi tí mo ti parọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán yẹn. Ti yìnyín àti ti ajá tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ti mọ̀ wọ́n, mi ò ka ìyẹn mọ́ irọ́. Ṣùgbọ́n ti ẹnu ọ̀nà yìí, ẹlòmíràn ló ni ín, mi ò sì lè gbé e jẹ.

Mo kanlẹ̀kùn lóòótọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò rí irú rẹ̀ rí. Ó rò pé mo dìgbò lulẹ̀ ni, pé mo ń kú lọ sẹ́nu ọ̀nà òun. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó ń wá fóònù láti pe ọkọ̀ agbáláìsàn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tún ti sá lọ. Mi ò lè dìde, mi ò lè dúró nílẹ̀, dòdò ti dà sórí káńpẹ́ẹ̀tì, mo sì mọ̀ pé ilé ọmọ mi ti bọ́.

Fúnkẹ́ ló bọ́ síwájú. Ó gba ìyá náà lọ́wọ́ mú, ó sì fi gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀. Òun ló tún un sọ fún mi lẹ́yìn náà, nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́. Báyìí ló ṣe wí:

“Màmá, wọn ò kú, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ yín. Báyìí la ṣe ń bẹ àgbà nílé wa. Wọn ò fẹ́ dẹ́rù bà yín láàárọ̀. Wọ́n fẹ́ sọ fún yín pé a bí Jésù, pé Ọlọ́run ò sí lókèèrè sí ẹni tó ń dá gbé. Èmi náà gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti kó dé iwájú yín ni mo ti mọ̀ pé ẹ ń dá gbé, mi ò sì kanlẹ̀kùn yín rí, ẹ̀rù yín ń bà mí. Ẹ má bínú sí mi fún ìyẹn náà.”

Ìyá náà tún mú ọ̀pá rẹ̀. Ajá ti ń jẹ dòdò. Lẹ́yìn náà ló ní kí Fúnkẹ́ bá òun gbé bàbá rẹ̀ dìde kí òtútù ilẹ̀ má bàa mú un. Ó ní òun máa sọ fún súpà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ní nígbà mìíràn, kí a kanlẹ̀kùn, kí a má lu nǹkan kan.

Kò tẹ̀lé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kò tẹ̀lé wa. Èmi àti Fúnkẹ́ nìkan ló lọ. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jáde láàárọ̀ Kérésì, ọmọ mi gbá bàtà mọ́lẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn ìyá náà, ó kí i kú ọdún ìbí Jésù, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnìkan wàásù ní àjà kẹsàn-án ní Toronto, òótọ́ ni. Fúnkẹ́ ni. Èmi wà nílẹ̀ nígbà náà, mo dojú bolẹ̀, mò ń gbọ́.